Ohun Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Náà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà yín, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá mi lóhùn? Nítorí náà mo ní kí n sọ ti ẹ̀rù yìí ná. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò ní rò pé mò ń ṣeré. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹnjiníà, tí wọ́n fẹ́ rán lọ sókè òkun lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni yóò máa bà á lẹ́rù?

Inú ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Ṣọpẹ́n ni mo jókòó sí, lórí àga kan tí ẹ ò parí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé ni. Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó irinṣẹ́ yín. Ayùn wà lára ògiri, òòlù wà níbi tí ẹ fi í sí, ikán sì ti ń jẹ ẹsẹ̀ tábìlì kan láti ìsàlẹ̀. Mo ní kí n da oògùn sí i, Ìyá ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi tábìlì náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀ yín, bí ẹni pé Òjòwò lẹ lọ, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tí ẹ ó sì padà pẹ̀lú pákó kí oòrùn tó rọ̀.

Ọdún kẹta rèé. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, n kì í sì í rí i béèrè. Lọ́jọ́ tí mo parí ìdánwò àṣekágbá mi, tí mo wọ mọ́tò wálé pẹ̀lú ayọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi Sìdíkátù ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó gba àpótí lọ́wọ́ mi, kò wo ojú mi. Wọ́n ti sin yín. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní ẹ̀yin gan-an lẹ sọ pé kí wọ́n má ránṣẹ́ pè mí, kí n lè jókòó sí ìdánwò mi dáadáa. Ṣé lóòótọ́ ni? Àbí wọ́n kàn fi ń tù mí nínú ni? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, Bàbá mi, ṣé ẹ ò fẹ́ rí mi ni? Mo bi Ìyá léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó dìde lọ sídìí òfì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí itan mi. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ rán ẹnì kan lọ gba oyè másítà nílùú òyìnbó, èmi ni wọ́n sì mú. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí n fa igi sí ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ nípa afárá àti ilé gíga: bí ẹrù ṣe ń tẹ òpó, bí òpó ṣe ń tẹ ilẹ̀. Èyí ni mo mọ̀. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní ìṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ̀kọ́ tuntun ni. Wọ́n ní bí ènìyàn ṣe ń darí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: bí a ṣe ń pín iṣẹ́, bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ lò, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ìsàlẹ̀ dé òkè. N kò mọ ẹnì kan tó ti lọ kọ́ ọ rí.

Ọ̀gá wa àgbà, ọmọ Ẹ̀gbá kan tí kì í gbé ohùn sókè, pè mí sínú yàrá rẹ̀.

“Ìwọ tó mọ ìṣirò tó báyìí,” ó ní, “kí lo fẹ́ máa fi ìṣàkóso ṣe? Akọ̀wé lo fẹ́ dà ni? Fa igi sí ti afárá, kó o lọ, kó o tètè dé.”

Mo ní, “Ó dáa, sà.” Ṣùgbọ́n n kò fa igi náà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé fọ́ọ̀mù yìí kiri.

Ohun tó fà á rèé. Ẹ ó kọ́kọ́ bínú sí mi. Mo ti mọ̀.

Lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n rán mi lọ sí ìhà Abígí, níbi tí ilẹ̀ ti ń parí tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀, láti lọ ṣe afárá kan lórí odò kékeré. Ọgbọ̀n lébìrà ló wà lábẹ́ mi. Olórí wọn ni bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Orímisàn, ọmọ etí omi ni, ó ju yín lọ lọ́jọ́ orí. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ sí bèbè odò. Ìṣirò mi pé. Ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni a ti yẹ ilẹ̀ náà wò, òjò sì ti wá bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá Orímisàn wá bá mi nínú àtíbàbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó bọ́ fìlà.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ilẹ̀ etí omi yẹn ti ń rọ̀ lábẹ́. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ kí omi fà.”

Bàbá mi, n kò gbójú sókè. Ìwé ni mò ń wò.

“Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, Bàbá. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.”

Ó dúró díẹ̀ sí i. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa, ọ̀gá,” ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, bèbè odò ya. Mo gbọ́ ariwo, mo sáré jáde. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Làmídì ni ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ dé ìbàdí. Ọwọ́ ni wọ́n fi wú u jáde, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ṣọ́bìrì má lọ gé e. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ṣẹ́ síbi méjì. Ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, a gbé e sínú lọ́rì, a gbé e dé ọsibítù. Kò kú, àlùhámdùlíláì. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù mọ́ láéláé.

Wọ́n ní kí n kọ ìròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ọ́, ojú ìwé méjì, mo kọ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ní ìparí mo kọ ọ́ pé: Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún mi.

Ẹ̀rù ló kọ ọ́, Bàbá mi. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Bí mo ti ń kọ ọ́ ni mò ń rí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, ó béèrè ẹni tó jẹ́ olórí lébìrà, tó yẹ kó ti rí i kó sì sọ. Wọ́n ní Orímisàn ni. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó di ẹrù rẹ̀, ẹní kan àti ìkòkò kan, ó sì wá kí mi. Mo rò pé yóò pariwo. Ó kàn ní, “Ọ̀gá, ó dàbọ̀ o,” ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Mo lọ wo Làmídì ní ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó ń dúpẹ́ pé mo wá. Làmídì fúnra rẹ̀ ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀gá. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé ẹ rántí ilẹ̀kùn tí ẹ ṣe fún ìyàwó ilé àwọn alápatà lójọ́sí? Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rántí. Ẹ ti ṣe é tán, ẹ ti fi epo pa á, kò sì sẹ́ni tó rí àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka kàn án lójú kan bí ẹ ti máa ń ṣe, ẹ tẹ́tí, ẹ mi orí. Ẹ gbé e lórí fúnra yín lọ bá obìnrin náà, ẹ sọ fún un pé igi inú rẹ̀ kò dára, pé ẹ ó ṣe òmíràn. Mo bínú sí yín lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ ti ṣèlérí bàtà fún mi. Ta ni mo wá jọ, Bàbá mi? Ta ló bí mi?

Bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù yìí ṣe di ìdájọ́ fún mi. Lábẹ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì yẹn, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀, ìdajì ojú ìwé, wọ́n ní kí n kọ ìdí tí mo fi yan ohun tí mo yàn. Bí mo bá yan ti afárá, mo ti mọ ohun tí màá kọ. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan, màá kàn máa lọ. Àmọ́ bèbè odò yẹn kò ya nítorí pé mi ò mọ ìṣirò. Ẹnì kan mọ òótọ́, kò sì ríbi gbé e gbà dé ọ̀dọ̀ mi, torí èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá gba oyè mẹ́wàá nípa afárá, tí mo padà dé, màá tún ṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Bí mo bá sì yan ìṣàkóso, kí ni màá kọ sínú àlàfo yẹn tí kò ní jẹ́ irọ́, àyàfi ọ̀rọ̀ Bàbá Orímisàn? Tí mo bá kọ ọ́, wọ́n lè lé mi. Ìyá ń kọ́ ikọ́, èmi ni mò ń ra oògùn.

Ẹ̀gbọ́n mi Sìdíkátù wá láti Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ẹ ò bá a jà nígbà náà, Ìyá náà kò bá a jà. Ó ní wòlíì àwọn rí ìran nípa mi, pé òun rí omi púpọ̀, kí n má lọ.

Ìyá ò dá iṣẹ́ dúró lórí òfì. “Ta ló ń lọ sókè òkun tí wòlíì kò ní rí omi?” ó ní.

Sìdíkátù fẹ́ bínú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ tán, mo sọ fún Ìyá pé bóyá kí n má tilẹ̀ lọ rárá, nítorí ikọ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí mo wà lọ́hùn-ún ńkọ́? Lẹ́ẹ̀kejì? Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí òwú. Ó wò mí pẹ́.

“Bí mo bá kú, wọn ó sin mí lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti sin bàbá rẹ. Òkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ tiwa. Bó ò bá fẹ́ lọ, má lọ. Ṣùgbọ́n má fi ikọ́ mi ṣe àwáwí. Ohun mìíràn ló ń dà ọ́ láàmú, o ò sì tíì sọ ọ́.”

N kò sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún. Bóyá torí pé ẹ ò lè wò mí bó ṣe wò mí yẹn.

Oòrùn ti ń lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú àlàfo náà báyìí, kí ọwọ́ mi má tún yí padà. Ẹ bá mi tọrọ àánú.

*

Bàbá mi, oṣù kan ti lọ tí mo ti kọ èyí tó wà lókè. N kò rí ààyè parí rẹ̀. Abígí ni mo wà báyìí, ní etí odò náà.

Mo kọ ọ́. Mo fa igi sí ìṣàkóso, mo sì kọ ọ́ lábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹnì kan kìlọ̀ fún mi. Mo gbọ́, n kò sì fetí sí i. Mo purọ́ nínú ìròyìn mi, wọ́n sì dá a dúró nítorí irọ́ náà. Mo fẹ́ lọ kọ́ bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí kí òótọ́ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń darí rẹ̀.” Kò kún àlàfo náà. Mo gbé e fún ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ Ajé.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ṣé o mọ ohun tí o kọ síbí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“O mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?”

“Mo mọ̀, sà.”

Ó fi aṣọ nu awò náà. Ló bá ní, “Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi lé bàbá yẹn. N kò pè é kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀.” Ó dá awò rẹ̀ padà sójú. “Lọ wá a. Mú un padà wá. Fọ́ọ̀mù yìí á lọ sí olú iléeṣẹ́ wa ní Ìbàdàn bó ṣe wà, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ wá, o ó fara mọ́ ọn.”

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ lọ sí abúlé Bàbá Orímisàn. Ẹ mọ̀ pé n kò fẹ́ràn omi. Mo bá a níwájú ilé, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. Ìyàwó rẹ̀ pariwo, ó rò pé ẹnì kan kú.

“Ẹ dìde, ọ̀gá, ilẹ̀ tutù,” bàbá náà wí. Kò dá ọwọ́ dúró.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi parí, ó fi eyín já okùn.

“Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ká àwọ̀n náà, ó ní, “Màá padà wá. Kì í ṣe torí yín o. Àwọn ọmọ wa ni yóò máa gba afárá yẹn lọ sílé ìwé.”

Mo lọ sọ fún Làmídì náà, nílé rẹ̀. Òun kò dárí jì mí. Ó yí ojú sí ògiri, ìyàwó rẹ̀ sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti òun yóò dúró sí. Wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ ní ibi ìkẹ́rùsí wa, iṣẹ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fún un, n kò sì lè fi ṣe ẹ̀tùtù.

Lánàá ni èsì dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ní mo lè lọ, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso náà sì ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ parí afárá yìí kí n tó wọ ọkọ̀, wọn kò sì ní gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún méjì. Mo ka ìwé náà lórí ìdúró. Mo rò pé inú mi yóò dùn. Ẹ̀rù ni mo rí níbẹ̀. Tí mo bá dé ọ̀hún, tí n kò lè kọ́ ọ ńkọ́? Ó rọrùn láti mọ ibi tí òpó ti máa ṣẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ti ènìyàn?

Láàárọ̀ yìí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo pe gbogbo lébìrà jọ. Bàbá Orímisàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní láti òní lọ, ẹni tó bá rí nǹkan kó sọ ọ́, màá dá iṣẹ́ dúró, màá sì wá wò ó. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Bàbá mi, n kò tíì bẹ̀rù báyìí rí láyé mi. Mo rò pé mo ti sọ ara mi di yẹ̀yẹ́ lásán, pé wọ́n á kàn gbé ṣọ́bìrì wọn, wọ́n á lọ.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn, apọnmi wa, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

“Ọ̀gá,” ó ní, “irin tí wọ́n kó dé lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn yẹn. Àárín rẹ̀ ti dípẹtà. A rí i nígbà tí a ń já a sílẹ̀.”

Gbogbo wọn yí padà wò mí.

Mo ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.” Mo tẹ̀ lé e lọ sídìí irin náà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wa. Òótọ́ ló sọ. A kò ṣiṣẹ́ mọ́ látàárọ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń da gàrí sómi, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn nípa òpó tó kàn, ohùn wọn sì ń dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Kí Ọlọ́run Ọba fi Alùjánnà kẹ́ yín. Mò ń bẹ̀rù síbẹ̀, mo sì ń lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin, tí ó fẹ́ràn yín ju bó ti sọ fún yín nígbà tí ẹ wà láyé.